Asọ̀rọ̀mágbèsì Ti Ń Gbèsì: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Agbára Òǹwòran Láyé Fóònù

Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn bàbá wa pe rédíò, orúkọ náà sì bá a mu: ó ń sọ tirẹ̀, kò dúró gbọ́ tẹnì kankan. Ẹ lè bú u, ẹ lè kí i, kò ní dá yín lóhùn. Lónìí, fóònù tó wà lápò wa ń gbé ìròyìn àti fíìmù wá, ó sì ń gba èsì lójú ẹsẹ̀. Ohun tí ìyẹn ti yí padà, àti ohun tí kò tíì yí padà, ni àwọn ènìyàn ń bi mí jù láti ìgbà tí mo ti ń kọ̀wé lórí fíìmù àti rédíò Yorùbá. Mo kó èyí tí wọ́n ń bi mí lemọ́lemọ́ jọ síbí. Àwọn kan gùn, àwọn kan kò gùn; bí ọ̀rọ̀ bá ṣe wúwo sí ni mo ṣe gbé e.

Kí tiẹ̀ ni à ń pè ní agbára òǹwòran?

Bí mo ṣe ń wọ̀n ọ́n rèé: bí ohun tí ẹni tó ń wò, tó ń gbọ́ tàbí tó ń kà bá ṣe bá lè mú kí ẹni tó ń gbé e jáde yí ọwọ́ padà, agbára nìyẹn. Bí kò bá yí nǹkan kan padà, ariwo ni.

Ẹ wo rédífúṣọ̀n, àpótí tí wọ́n fa wáyà rẹ̀ wọ ilé àwọn ènìyàn l'Ékòó láti 1935, láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ibi tí a ti lè yí àpótí yẹn sí ìkànnì mìíràn, nítorí ìkànnì kan ṣoṣo ló wà. Ohun tí ẹ lè ṣe kò ju kí ẹ gbé ohùn sókè tàbí kí ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ pátápátá nítorí inú ń bí yín, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nídìí ẹ̀rọ kò ní mọ̀.

Ṣé íntánẹ́ẹ̀tì ló wá kọ́ wa bí a ṣe ń fèsì ni?

Rárá o. Ẹ rántí agbo alárìnjó. Bí eré bá dùn, owó á máa rọ́ wọlé. Bí kò bá dùn, agbo á bẹ̀rẹ̀ sí í tú, ọ̀gá eré á sì yára yí orin padà kí àwọn tó kù má baà lọ. Onílù tó ń fi gángan ki ẹnì kan, bó bá rí i pé ọwọ́ ẹlòmíì ti ń lọ sápò, á ti yí oríkì sí ìdílé ẹni yẹn kí ọwọ́ náà tó jáde. Òǹwòran ló ń darí eré, gbogbo agbo ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nínú ìwé ìròyìn náà, ọ̀rọ̀ kò yàtọ̀. Ní 1929, I. B. Thomas, olóòtú Akéde Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, títí wọ 1930. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé ènìyàn gidi ni. Àwọn náà ń kọ lẹ́tà sí olóòtú lórí ọ̀rọ̀ obìnrin yìí, ìwé ìròyìn náà sì ń tẹ lẹ́tà wọn. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan sọ fún mi ohun tí ìyẹn fi yàtọ̀ sí kọ́mẹ́ǹtì.

Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ló wá mọ odi sáàárín. Láti ìgbà tí WNTV, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ti bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn ní 31 October 1959, iṣẹ́ tiwa ni kí a jókòó, kí a wò, kí a dákẹ́. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ girama, mo kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan pé kí wọ́n jọ̀ọ́ tún eré kan báyìí fi hàn. Mo ṣì ń retí èsì.

Nítorí náà, èsì tó ti wà látijọ́ ló padà dé. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ojúde ọba tàbí ìta ọjà ni alárìnjó máa ń tẹ́ agbo rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n agbo tòde òní ní onílẹ̀. Google ló ni YouTube láti 2006. Meta ló ni Facebook, Instagram àti WhatsApp. Ẹ fi ọ̀rọ̀ onílẹ̀ yìí sọ́kàn, torí a máa padà bá a.

Èwo ló ń jẹ́ ohun tí aráàlú fọwọ́ ara wọn ṣe?

Ohunkóhun tí ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé ìròyìn tàbí ilé fíìmù bá gbé jáde fún aráyé: àwàdà ìṣẹ́jú kan tí akẹ́kọ̀ọ́ yà nínú yàrá hósítẹ́ẹ̀lì, fídíò omi tó ya wọ àdúgbò, ohùn tí ẹ̀gbọ́n yín gbà sílẹ̀ sínú gúrúùpù WhatsApp ẹbí, àyọkà tí ẹnì kan kọ sí Wikipedia èdè Yorùbá. Kọ́mẹ́ǹtì wà nínú rẹ̀. Àwọn ènìyàn kì í kà á sí iṣẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ fíìmù tí mi ò lè wò parí, tí mo sì ka kọ́mẹ́ǹtì abẹ́ rẹ̀ tán pátá.

Kí ni òǹwòran ti yí padà nínú fíìmù Yorùbá?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti dùn, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀.

Nígbà tí àwọn òṣèré wa ń kó kúrò lórí ìtàgé bọ́ sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò, ní òpin àwọn ọdún 1980, màkẹ́tà ni ọ̀gá. Àwọn tó wà ní Ìdúmọ̀tà ló ń sọ pé òṣèré báyìí ń tà, ẹ fi í sí i. Ìtàn báyìí kì í tà, ẹ yọ ọ́. Agbára òǹwòran kò ju ti àpò rẹ̀ lọ: kó rà á tàbí kó má rà á. Kó sì tó hàn sí olóòtú pé wọn kò rà á, apá kejì ti wà lórí igbá. Olóòtú kò sì ní mọ ìdí rẹ̀. Ṣé ìtàn ló burú ni, àbí àwòrán, àbí àwọn tó ń ṣe ayédèrú ló ti tà á tán? Màkẹ́tà ló mọ iye tó tà, ìyẹn náà á sì rò ó dáadáa kó tó sọ.

YouTube ló já ilẹ̀kùn yẹn. Ọ̀pọ̀ òṣèré Yorùbá ló ti ní ìkànnì tiwọn báyìí. Ẹni tó bá gbé fíìmù síbẹ̀ á rí ìlà kan lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó ń sọ fún un, ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú, ibi tí àwọn ènìyàn ti sá. Bí ìlà yẹn bá já wálẹ̀ ní ìṣẹ́jú kejìlá, kó lọ wo ohun tó fi síbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ọkọ̀ yọ lẹ́nu géètì, ọkọ̀ wọlé, ọkọ̀ dúró, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n rìn dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n kan ilẹ̀kùn, "Ta nìyẹn?" Gbogbo wa la ti ń bú ìran yẹn nínú pálọ̀ wa láti ogún ọdún sẹ́yìn láìsí ẹni tó gbọ́. Ìlà yẹn ló wá ń bá wa gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn.

Kọ́mẹ́ǹtì náà ń ṣe tirẹ̀. Ẹ máa rí ẹni tó ń pariwo pé Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ sábẹ́ fíìmù kò bá ohun tí òṣèré sọ mu. Ẹ máa rí àgbàlagbà tó ń béèrè pé ìlú wo ni ọba ti ń jẹun lójú ìlú báyẹn. Ẹlòmíì á tọ́ka sí aago tó wà lọ́wọ́ jagunjagun, á kọ ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá tó ti rí i. Olóòtú tó bá fẹ́ lè ka gbogbo rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí fíìmù jáde, kó sì tún un ṣe nínú èyí tó kàn. Mo ti rí àwọn tó tún un ṣe. Mo ti rí àwọn tó kàn ti ibi kọ́mẹ́ǹtì pa.

Funke Akindele, òṣèré tó tún ń ṣe fíìmù, gba ọ̀nà mìíràn. Bó bá ń polówó fíìmù tó fẹ́ gbé lọ sí sinimá, ó máa ń jẹ́ kí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ jó sí i lórí TikTok àti Instagram, tí fídíò tiwọn á fi di ara ìpolówó. A Tribe Called Judah, tó jáde ní December 2023, ni fíìmù Nollywood àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní sinimá. Mi ò ní sọ pé ijó ló fà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jó sí orin fíìmù, tí ọgọ́rùn-ún ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ti rí i, ojú máa tì í láti má lọ wò ó.

Àbùkù wà níbẹ̀ o. Òǹwòran tó ń kọ ọ́ pé "ìtàn ìyàwó àti ìyá ọkọ yìí ti sú wa" ni yóò tẹ̀ ẹ́ bó bá tún rí òmíràn lọ́la. Ohun tí ọwọ́ wa ń tẹ̀ àti ohun tí ẹnu wa ń sọ kì í sábà bára mu, olóòtú sì mọ èyí tó ń mówó wọlé nínú méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí àwòrán iwájú fíìmù fi kún fún ẹni tó lanu, tó ń sunkún, tó fọwọ́ lérí. Àwa la yàn án.

Ṣé òǹwòran kan kò wá ju òǹwòran kan lọ?

Ó jù ú lọ dáadáa, ọ̀rọ̀ yìí sì máa ń dun ọ̀pọ̀ ènìyàn bí mo bá sọ ọ́. Nínú owó ìpolówó orí fídíò gígùn, YouTube ń fún ẹni tó ni fídíò ní 55 nínú ọgọ́rùn-ún, ó ń mú 45. Ṣùgbọ́n iye tí àwọn tó ń polówó ọjà ń san kò dọ́gba láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè. Ẹni tó ń wo fíìmù ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Houston l'Ámẹ́ríkà ń mú owó wá ju ẹni tó ń wò ó n'Íkìrun lọ fíìfíì, bí ẹ̀rín kan náà tilẹ̀ ń pa àwọn méjèèjì. Èrò tèmi ni pé ìdí kan nìyí tí ìtàn "ọmọ ti Lọ́ńdọ̀nù dé" kò fi tíì sú àwọn olóòtú wa.

Kí ìkànnì kan tó lè máa gba ìpín nínú owó ìpolówó fídíò gígùn, ó gbọ́dọ̀ ní ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn tó forúkọ sílẹ̀ fún un, àti wákàtí 4,000 tí àwọn ènìyàn ti fi wò ó láàárín ọdún kan, tàbí kí wọ́n wo fídíò kúkúrú (Shorts) rẹ̀ ní ìgbà mílíọ̀nù mẹ́wàá láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́. Láti 2012, àkókò tí ènìyàn fi wo nǹkan ni YouTube ń fi ṣe òṣùwọ̀n ju iye ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí fíìmù ìṣẹ́jú àádọ́ta fi ń di wákàtí méjì, tí ọkọ̀ inú rẹ̀ kì í fi tètè wọ géètì.

Onílẹ̀ tún lè jí lọ́jọ́ kan kó gba ohun tó fún yín. Ní November 2021, YouTube fi iye àwọn tó tẹ "n kò fẹ́ràn rẹ̀" pamọ́ fún gbogbo ayé. Àmì náà ṣì wà níbẹ̀, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, yàtọ̀ sí ẹni tó ni fídíò, ẹlòmíì kò ní rí iye rẹ̀. Kò sí òǹwòran tí wọ́n bi kí wọ́n tó ṣe é.

Èmi kì í kọ kọ́mẹ́ǹtì, mi ò kì í tẹ láìkì. Ṣé mo wà nínú ẹ̀?

Ẹ wà níbẹ̀ gan-an. Ibi tí ẹ ti dá fídíò dúró, ibi tí ẹ fò, èyí tí ẹ padà wò ní aago méjì òru, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Òun ni ohun tí wọ́n ń pè ní algorithm fi ń pinnu nǹkan tó máa gbé síwájú yín àti síwájú àwọn tó jọ yín. Níbi gbogbo, àwọn tó ń wò láìsọ̀rọ̀ pọ̀ ju àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lọ, ìdákẹ́ wọn ló sì ń tọ́ ọkọ̀. Láti June 2023, Nàìjíríà ti ní òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa ẹni, tó fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí ilé-iṣẹ́ kan kó jọ nípa yín. Mi ò tíì pàdé ẹni tó béèrè.

Ṣé lóòótọ́ ni pé fóònù lè borí ìjọba?

Ẹ jẹ́ ká wo #EndSARS, ìpè pé kí wọ́n tú SARS ká, ìyẹn ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbógun ti adigunjalè. Àmì yẹn ti wà lórí Twitter (tó ń jẹ́ X báyìí) láti December 2017, àwọn ọ̀dọ́ sì ń fi kó ẹ̀sùn jọ sójú kan: ẹni tí wọ́n mú lọ sídìí ATM kó wá gbówó jáde, ẹni tí wọ́n lù nítorí irun orí, ẹni tí àbúrò rẹ̀ kò padà wálé. Kò sí ilé ìròyìn tó rán wọn níṣẹ́. Nígbà tí fídíò tuntun tàn kálẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ October 2020, wọ́n bọ́ sójú títì, nígbà tó sì di 11 October, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá kéde pé wọ́n ti tú SARS ká. Lálẹ́ 20 October, nígbà tí àwọn ṣọ́jà yìnbọn ní ẹnubodè ìsanwó Lẹkki, DJ Switch, obìnrin olórin kan, wà níbẹ̀ pẹ̀lú fóònù rẹ̀, ó ń fi í hàn lórí Instagram bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó gbé kalẹ̀ fi ohun tó lé lọ́dún kan jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà kó tó gbé àbọ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní November 2021.

Ohun tó tẹ̀ lé alẹ́ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí. Kí October 2020 tó parí, NBC, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ti bu owó ìtanràn lé AIT, Channels àti Arise, ó ní wọ́n lo àwòrán tí wọ́n rí lórí ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ láì wádìí rẹ̀ tó. Ìjọba kò lè bu owó ìtanràn lé gbogbo ẹni tó mú fóònù dání. Ó wá wo ẹni tó ní láísẹ́ǹsì, ó sì bù ú lé e.

Ọdún kejì ni ti Twitter fúnra rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà pa ọ̀rọ̀ kan tí Ààrẹ Buhari kọ rẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ June 2021. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí ìjọba fi ti Twitter pa ní gbogbo Nàìjíríà. Kò ṣí padà títí di 13 January 2022. Ní July 2022, ilé-ẹjọ́ ECOWAS ní ohun tí ìjọba ṣe kò bófin mu, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta aṣọ lórí Twitter ti jẹ gbèsè oṣù méje ná. Onílẹ̀ orí ayélujára àti onílẹ̀ orí ilẹ̀ ló ń jà, ọjà tiwa ni wọ́n dúró lé lórí. Àwọn ọ̀dọ́ gba VPN, ètò tó ń fi ibi tí ènìyàn wà pamọ́, sí fóònù, wọ́n ń sọ̀rọ̀ bíi pé Kánádà ni wọ́n wà. Ìyá mi kò mọ VPN.

Ìdáhùn mi rèé: fóònù lè jẹ́rìí, kò sì sí àjọ kan tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ wa mọ́. Ìdájọ́ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó wà lọ́wọ́ wọn tẹ́lẹ̀.

Ṣé wọ́n lè mú mi nítorí ohun tí mo kọ?

Wọ́n ti mú àwọn ènìyàn. Abala 24 nínú òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti 2015 ni wọ́n máa ń fà yọ. Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ tó kàn ń bí ẹlòmíì nínú lè di ẹjọ́. Ilé-ẹjọ́ ECOWAS ní kí Nàìjíríà tún un ṣe, wọ́n sì tún un ṣe ní 2024. Báyìí, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwòkuwò, tàbí irọ́ tí ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ pé irọ́ ni, tó fi fẹ́ da ìlú rú tàbí fi ẹ̀mí ẹnì kan sínú ewu. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún mẹ́ta, owó ìtanràn rẹ̀ lè tó mílíọ̀nù méje náírà. "Da ìlú rú" ṣì fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ lójú tèmi, torí ta ló máa sọ ohun tó ń da ìlú rú? Bí ẹ bá ní ẹ̀sùn, ẹ kọ ohun tí ẹ rí, ọjọ́ tí ẹ rí i àti ibi tí ẹ ti rí i. Èébú kì í ṣe ẹ̀rí.

Mo ya fídíò ìjàǹbá kan ní Marosẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n gbé e jáde láì dárúkọ mi. Ta ló ni ín?

Ẹ̀yin lẹ ni ín. Òfin tuntun lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní March 2023, fi ẹ̀tọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà, ì báà jẹ́ fóònù tí ojú rẹ̀ ti fọ́ lẹ fi yà á. Ilé ìròyìn lè lò ó níwọ̀nba láti fi ròyìn ohun tó ń lọ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ dárúkọ yín. "Láti orí ayélujára" kì í ṣe orúkọ ènìyàn. Ẹ má pa fídíò tí ẹ kọ́kọ́ yà rẹ́ kúrò nínú fóònù. Èyí tó ti gba inú WhatsApp kọjá ti fún pọ̀, àkọsílẹ̀ ọjọ́ àti ibi tó wà lára rẹ̀ sì ti ṣí kúrò. Kò ní lè bá yín jẹ́rìí.

Yorùbá la fi ń sọ̀rọ̀. Ṣé ìyẹn kò dín agbára wa kù?

Ó ń dín in kù níbi tí ẹ̀rọ kò ti gbọ́ ohun tí a wí. Ní 1 March 2012, Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí gbogbo ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá fi Yorùbá kọ̀wé sórí Twitter lọ́jọ́ náà, kí ilé-iṣẹ́ náà lè mọ̀ pé a wà. Wọ́n sì mọ̀, wọ́n fèsì. December 2013 ni Google fi Yorùbá kún èdè tó ń túmọ̀. Ní 2015, YorubaName bẹ̀rẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè fi orúkọ àti ìtumọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́. BBC Yorùbá bẹ̀rẹ̀ ní February 2018. Òǹwòran tí kò bá dákẹ́ ni wọ́n ń rí.

Ìṣòro tó kù wà lọ́wọ́ àwa fúnra wa. Ẹ kọ "oko mi wa ninu oko" láìsí àmì kankan, kí ẹ wá bi ẹ̀rọ pé ṣé ọkọ yín ló wà nínú oko ni, tàbí ọkọ́ yín ló wà nínú ọkọ̀. Ohun tí a bá kọ sórí ayélujára lọ́nà wúruwùru ni ẹ̀rọ fi ń kọ́ èdè wa. Mo mọ̀ pé fífi àmì sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù ń gba àkókò. Èmi náà kì í fi sí i bí mo bá ń bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀.

Ohun kan máa ń mórí mi wú: ẹ lọ sábẹ́ fídíò orin òrìṣà láti Salvador ní Brazil tàbí Havana ní Cuba. Ẹ máa bá ọmọ Yorùbá láti ilé tó ń kọ ọ́ pé "ẹ gbọ́, ọ̀rọ̀ tó sọ ní ìṣẹ́jú kejì yẹn, ìyá àgbà wa máa ń sọ ọ́!"

Ṣé kì í ṣe òǹwòran náà ló ń tan irọ́ ká?

Òun ni. Ní August 2014, lẹ́yìn tí Ebola ti wọ Nàìjíríà, iṣẹ́ kan gba orí fóònù kiri lóru pé kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún. Ọ̀pọ̀ ló mu ún. Àwọn kan dèrò ọsibítù, àwọn kan kú. Kò sí rédíò tó gbé e jáde, kò sí olóòtú tó fọwọ́ sí i. Ìfẹ́ ni ìyá fi fi í ránṣẹ́ sí ọmọ. Láti 2019, WhatsApp ti ní ènìyàn kò gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ kan náà ṣọwọ́ sí ju ojú márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan. Ní 2020, wọ́n sọ èyí tó ti rìn jìnnà di ojú kan ṣoṣo. Ó dín in kù. Ṣùgbọ́n ìyá tó bá fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ á fi ránṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èrò pọ̀ lẹ́yìn mi. Ṣé mo lè fi èrò gba ẹ̀tọ́?

Olórin Mohbad kú ní 12 September 2023, wọ́n sì sin ín lọ́jọ́ kejì. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kò gbà. Wọ́n gbé e sórí gbogbo ìkànnì, wọ́n rìn ní títì, àwọn ọlọ́pàá sì hú òkú náà ní 21 September kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Èrò ló ṣe ìyẹn, mo sì gbà pé ó tọ́. Èrò yẹn kan náà ló ń dájọ́ fún ẹni tí kò tíì dé ilé-ẹjọ́, tí wọ́n ń bú ìyàwó, tí wọ́n ń bú bàbá, tí wọ́n ń bú ọmọdé tí kò tíì gbọ́ràn. Mo ka àwọn kọ́mẹ́ǹtì yẹn lóru ọjọ́ kan títí mo fi pa fóònù.

Ṣé ẹ̀bùn orí TikTok àti owó tí à ń ná fún onílù kì í ṣe ọ̀kan náà?

Wọ́n jọra, ṣùgbọ́n owó onílù máa ń dé ọwọ́ onílù pé. Lórí TikTok, onílẹ̀ á kọ́kọ́ yọ tirẹ̀. Àwọn kan á sọ pé ó kéré tán, kò sí ẹni tó máa fi òfin ilé ìfowópamọ́ àgbà mú ọ pé o ń ná náírà lójú agbo. Ìyẹn náà ní òótọ́ tirẹ̀.

Rédíò ti ń gbèsì báyìí. Ṣé kò yẹ ká pààrọ̀ orúkọ rẹ̀?

Kò tíì yẹ. Láti ìgbà tí fóònù alágbèéká ti wọlé ní August 2001, ètò orí rédíò Yorùbá tí kì í gba ìpè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Láàárọ̀, bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá ń ka kókó inú ìwé ìròyìn, awakọ̀, alákàrà àti tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n ń dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ tiwọn sì máa ń dùn ju tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pè ló ń sanwó. Ní January 2025, NCC, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ fóònù, fún àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù láyè láti fi tó ìdajì kún owó ìpè àti owó dátà. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nídìí ẹ̀rọ kò mọ̀ ọ́n lára.

Mo ń gbọ́ ètò kan nínú ọkọ̀ láàárọ̀ Sátidé kan. Bàbá kan pè, ohùn rẹ̀ tutù, ó kí wọn títí: ó kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, ó kí àlejò orí ètò, ó kí gbogbo olùgbọ́ nílé lóko. Ó ní ọ̀rọ̀ ọ̀nà àdúgbò àwọn ni òun fẹ́ sọ, pé ọdún kẹfà rèé, pé ẹni tó gbé iṣẹ́ ọ̀nà yẹn fún agbaṣẹ́ṣe, òun mọ̀ ọ́n, orúkọ rẹ̀ sì ni... Fóònù dákẹ́.

"Háló? Háló, bàbá?" Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ dúró díẹ̀. "Ó jọ pé káàdì bàbá ti tán. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìpolówó ọjà díẹ̀."